Ta Ló Mọ Ojúlé Wọn Lórí Òkè?

Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ bá ìpàdé gbogbogbòò sọ. A tún un kọ síbí fún ẹ̀yin tí ẹ ò ráyè wá.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, alága àti gbogbo ìgbìmọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa ní Àkúrẹ́, ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston àti níbikíbi tí ọmọ Ìdànrè bá tẹ̀dó sí, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lórí fóònù nínú ọkọ̀ tàbí lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó dátà. Ọmọ ni mo jẹ́ fún ọ̀pọ̀ jù nínú yín, àbúrò ni mo jẹ́ fún àwọn yòókù. Bí ọ̀rọ̀ mi bá le níbì kan, ẹ fi orí jì mí, kì í ṣe àfojúdi.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín. Ẹ má tẹ ìdáhùn sórí gúrúùpù o, ẹ kàn dá ara yín lóhùn. Níbo gan-an ni ojúlé bàbá ńlá yín wà lórí òkè, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀? Mi ò bèèrè ilé Òdòde, mi ò bèèrè ti Aládé tàbí ti Atọ̀sìn. Orí òkè ni mo wí. Ṣé ẹ lè dúró níwájú ògiri wíwó kan níbẹ̀ kí ẹ sọ pé, "Ìdílé wa nìyí, ibí ni wọ́n ń dáná sí, ibí ni wọ́n sin ẹni báyìí sí"?

Mo bi àwa ọ̀dọ́ ní ìpàdé wa. Ariwo tó wà nílé rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ọmọ kan ní òun á pe màmá òun, ó sì pè é lójú gbogbo wa. Màmá ní kó bi ẹ̀gbọ́n òun ní Aládé. Ó pe ẹ̀gbọ́n màmá, ìyẹn ní bàbá àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n dájú, bàbá sì ti lọ sọ́run. Ìpè méjì péré, okùn ti já. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, torí kálukú ń ro ti ilé tirẹ̀.

Mo máa ń wo status yín. Mo rí ẹ̀yin tí ẹ gun Table Mountain ní Cape Town. Mo rí ẹ̀yin tí ẹ ya fọ́tò ní Olúmọ, ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà níbi tí omi Olúmirin ti ń já láti orí àpáta, àti ní Ìkọ́gòsì níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tí kò tíì dé Adó-Àwáyè pàápàá lọ, kó lọ wo adágún Ìyàkẹ tó jókòó sórí òkè àpáta. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tó ń ká mi lára ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa, ìgbà tí a gun òkè tiwa kẹ́yìn ni ìgbà tí tíṣà kó wa lọ ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí a fi gbogbo ọjọ́ náà jẹ bisikíìtì.

Ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí ohun tí a ní. Láti Àkúrẹ́ sí ilé wa, ìrìn nǹkan bí 20 sí 25 kìlómítà ni. Bí ọkọ̀ bá ti ń súnmọ́lé, àpáta á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́tùn-ún lósì, bí erin tó dúró sínú igbó tó kàn gbé ẹ̀yìn sókè. Èyí tó ga jù nínú wọn, Ọ̀ròsùn, tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè ìtẹ́jú òkun. Ìtàn wa sọ pé obìnrin ni Ọ̀ròsùn, aya Olófin, kó tó di ẹni àkúnlẹ̀bọ, a sì ń ṣe ọdún rẹ̀ ní Oṣù Karùn-ún.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní yunifásítì tó ń kọ́ ìmọ̀ nípa òkúta ló là á yé mi bí àpáta yìí ṣe débẹ̀. Òkúta akọ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní granite nílé ìwé. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkúta yíyọ́ ni, ó gbóná janjan nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tó jìn gan-an, bí ẹ̀kọ tó ń hó nínú ìkòkò tí wọ́n dé. Ibẹ̀ ló ti rọra tutù. Ohun tó bá rọra tutù báyìí, hóró inú rẹ̀ máa ń tóbi. Ẹ lọ wo àpáta wa dáadáa, ẹ ó rí àwọn ègé ńláńlá tó funfun nínú rẹ̀, àwọn kan tó ìka ọwọ́. Òjò àti oòrùn wá ń jẹ ilẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fún ọdún tí ẹnu ò lè kà, títí orí àpáta fi yọ síta. Nígbà tí ẹrù tó wà lórí rẹ̀ kúrò, àpáta náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà. Ìdí tí orí rẹ̀ fi rí roboto nìyẹn. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, iyì òkè náà ò dín lójú mi, ńṣe ló pọ̀ sí i.

Orúkọ tí àwọn àgbà ń pe ìlú wa tẹ́lẹ̀ ni Ùfẹ̀ Òkè. Ìtàn wa sì gbé ìran wa dé Ilé-Ifẹ̀, sọ́dọ̀ Olófin. Àwọn baba wa ò gun òkè torí fàájì. Ogun ni. Ẹni tó bá ń gun àpáta bọ̀, wọ́n á ti rí i kó tó dé ìdajì ọ̀nà. Omi wà lókè, odò Arun gan-an láti orí òkè ló ti ṣàn wá. Ṣùgbọ́n oko wà nísàlẹ̀. Ẹ rò ó wò: ìyá ìyá ìyá yín máa ń sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, á ṣiṣẹ́ oko, á ru iṣu, á sì tún gun gbogbo rẹ̀ padà nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Kò sí àtẹ̀gùn kọnkéré nígbà náà o. Àwa tí a ní irin tí a lè dì mú, tí a ní ibi ìsinmi márùn-ún lójú ọ̀nà, a ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Lórí iye àtẹ̀gùn náà, àwọn kan kọ 660, àwọn kan kọ 667, àwọn kan kọ 682. Ó lé ní 600, ìyẹn tó fún orúnkún èyíkéyìí. Ẹni tó bá fẹ́ parí àríyànjiyàn, kó máa kà á bó ṣe ń gòkè, kó má sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí yóò fi dé orí.

Nígbà tí ogun tán tí ìjọba òyìnbó sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kò sí ohun tó ń lé wa sókè mọ́. Kòkó wá wọlé. Igi kòkó ò hù lórí àpáta, mọ́tò ò sì lè gun òkè wá kó o. Títí dòní, ìjọba ìbílẹ̀ wa wà lára àwọn tó ń mú kòkó jáde jù ní Nàìjíríà. Ní àwọn ọdún 1920 ni ìsọ̀kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìdílé kan tẹ̀ lé òmíràn, ó sì gba ọdún díẹ̀ kí gbogbo ìlú tó parí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lé wa. Nítorí náà, a ò sá, a ò kó ohun gbogbo lọ lẹ́ẹ̀kan náà. A fi ààfin sílẹ̀ lókè, a fi ibojì sílẹ̀, a fi ilé sílẹ̀ bí ẹni tó ń bọ̀ láìpẹ́.

Ẹ wá bá mi ṣírò. Ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní 1925 ì bá ti tó ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí. Àwọn tó gbé òkè tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n ti lọ. Àwọn tó kù ni àwọn ọmọ wọn, tí bàbá fà lọ́wọ́ gòkè ní ọjọ́ ọdún, tó nàka sí ògiri kan pé, "Ibí yìí ni wọ́n bí mi sí." Àwọn náà ti ń lọ sí ẹni ọgọ́rin, ẹni àádọ́rùn-ún. Lẹ́yìn wọn, àwa tí a máa ń pe màmá lórí fóònù ló kù.

Kí ló wà lókè gan-an? Ẹ ó rí ààfin àtijọ́ Ọwá, pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀ àti àwọn òpó gbígbẹ́, orò kan ṣì ń wáyé níbẹ̀. Ẹ ó rí ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn míṣọ́nárì bẹ̀rẹ̀, 1896 ni ọdún tí wọ́n ń kà fún un. Ẹ ó rí kóòtù àtijọ́, ilé agogo, àti ibojì àwọn tó jọba ṣáájú. Omi kan tún wà tí à ń pè ní omi àrá. Àwọn àmì kan wà lára àpáta tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí kà, àti ẹní kan tí a kò fi koríko hun, tí ó jẹ́ pé ara òkúta ló wà. Ẹsẹ̀ Agbóògùn sì wà, ojú ẹsẹ̀ tó wọ inú òkúta.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ẹsẹ̀ Agbóògùn yìí. Gbogbo wa la mọ ìtàn rẹ̀: ẹsẹ̀ ọmọdé wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ àgbà wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àjẹ́ ò lè bá a mu. Ìtàn tó dùn ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dá a dúró. Ṣùgbọ́n mo rí fídíò kan tí àwọn ọmọ kan ya níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan fi ẹsẹ̀ sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn díẹ̀ jù ú lọ, ni wọ́n bá pariwo "àjẹ́, àjẹ́!" títí omi fi bọ́ lójú ọmọ náà. Fídíò yẹn rìn ká. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ ká tún gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Kóòtù wà lórí òkè yẹn, àwọn baba wa kọ́ ọ sí ilé ọ̀tọ̀, wọ́n sì ń gbọ́ ẹjọ́ tẹnu méjèèjì níbẹ̀. Wọn ò gbé ẹjọ́ fún òkúta dá.

Ohun kan tún wà lókè tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀, tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé sì mọ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà lára àpáta Ìdànrè tí a kò rí níbòmíràn láyé. Onímọ̀ kan láti Denmark, Arne Schiøtz, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1963, ó sì fi orúkọ Perret pè é, ìyẹn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ó lé ní ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí i. Àwọn kan ti ń rò pé ó ti parun. Ní 2013 ni àwọn onímọ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn, tún rí i lára àpáta wa. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bó ṣe ń bímọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé inú adágún tàbí kòtò omi ni ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí kò tíì yọ ẹsẹ̀ máa ń lúwẹ̀ẹ́. Ti eléyìí ò rí bẹ́ẹ̀. Lára àpáta gan-an ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé, lórí omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ṣàn sọ̀ kalẹ̀ lójú òkúta nígbà òjò, omi tí kò lè bo èékánná.

Awọ ara ni ọ̀pọ̀lọ́ fi ń mu omi. Bí a bá ń fi ọṣẹ fọ aṣọ síbi tí omi ti ń ṣẹ́ jáde lára àpáta, bí a bá ń dáná sun igbó ìdí òkè lọ́dọọdún, ẹ mọ ẹni tí a ń pa. Àwọn ọdẹ wa ti mọ ẹ̀dá yìí tipẹ́ kí òyìnbó tó dé. Ẹni tó bá mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é ní ẹ̀ka èdè wa, kó jọ̀ọ́ fi ohùn ránṣẹ́. Kò yẹ kó jẹ́ orúkọ àlejò nìkan ni ọmọ onílé máa jẹ́.

Ó kan ọ̀rọ̀ UNESCO. Mo ti ka a lórí gúrúùpù wa láìmọye ìgbà pé òkè wa jẹ́ "World Heritage Site". Kò tíì rí bẹ́ẹ̀ o, ẹ jẹ́ ká yé kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní Oṣù Kẹwàá 2007, ìjọba Nàìjíríà fi orúkọ òkè wa sínú ìwé àwọn ibi tó ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó gba fọ́ọ̀mù ìdánwò JAMB, ṣé ó ti wọ yunifásítì? Ibi méjì péré ní Nàìjíríà ló ti wọlé: Sukur ní ìpínlẹ̀ Adamawa ní 1999, àti igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ní 2005.

Ẹ wo Sukur dáadáa, torí ó jọ wá. Orí òkè ni òun náà wà. Ààfin ọba wọn, tí wọ́n ń pè ní Hidi, òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà tó gòkè, ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n sì gé ní ìpele ìpele fún oko. Ìyàtọ̀ kan ló wà láàárín wa: àwọn ṣì ń gbé ibẹ̀. Bí o bá bèèrè pé ta ló ni ògiri yìí, ẹni tó ni ín á yọjú láti ẹ̀yìn ògiri. Ti Òṣogbo ńkọ́? Igbó náà tó nǹkan bí 75 hẹ́kítà. Ìgbà kan wà tí ọdẹ ń wọ̀ ọ́, tí wọ́n ń gé igi rẹ̀, tí ilé fẹ́ jẹ ẹ́ tán. Susanne Wenger, ará Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, jókòó ti àwọn àwòrò, òun àti àwọn oníṣọ̀nà ìlú bíi Adebisi Akanji sì jọ tún un ṣe. Ní 1965 ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣúra orílẹ̀-èdè. Ogójì ọdún lẹ́yìn èyí ni ayé tó wá fọwọ́ sí i. Òyìnbó obìnrin yẹn ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ó dé Òṣogbo tí kò bá àwòrò kan tó lè sọ fún un pé ibi báyìí ni ojúbọ báyìí wà, kí ni ì bá tún ṣe?

Fáìlì tí ìjọba àpapọ̀ á kọ ránṣẹ́ sí UNESCO, àwa kọ́ la máa kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n máa ń bèèrè nínú rẹ̀ hàn gbangba: ibo ni ààlà, kí ló wà nínú ààlà, kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ta ló ń tọ́jú rẹ̀, òfin wo ló dáàbò bò ó. Ìbéèrè kejì àti ìkẹta, kò sí ẹni ní Àbújá tó lè dáhùn wọn. Ẹnu àgbà kan tó jókòó sí ìloro ní Òdòde ni ìdáhùn wà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Olùdarí, ọ̀rọ̀ òrìṣà lo fẹ́ kó wa sí." Ẹ̀yin bàbá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́sáláṣí, mo gbọ́ yín. Onígbàgbọ́ ni èmi náà, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn míṣọ́nárì bẹ̀rẹ̀, orí òkè kan náà ló wà. Ẹni tó kọ́kọ́ ka Bíbélì nínú ìdílé yín, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti kọ́ A, B, D. Bí a bá jẹ́ kí orí òkè pa rẹ́ torí ojúbọ, ìtàn ìgbàgbọ́ wa náà á bá a lọ. Ẹni tó mọ orúkọ ojúbọ kan kò tíì bọ ọ́. Lọ́wọ́ kejì, àwọn ibì kan wà tí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn, ọjọ́ kan sì wà tí kì í ṣe ọjọ́ àlejò. Bí àwọn tó ni ibẹ̀ bá ní ká dúró, a ó dúró. A ò ní gbé kámẹ́rà wọlé ká máa sọ pé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ló rán wa.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ owó, torí ìdí tí mo fi dìde gan-an nìyẹn. Owó wà tí ìgbìmọ̀ ti yà sọ́tọ̀ fún ìpàdé ìwálé Oṣù Kejìlá. Apá tó tóbi jù nínú rẹ̀ jẹ́ ti olórin àti kánópì. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ò ní ká má ṣe àríyá, àwa gan-an la máa ń jó jù. Ohun tí a ń tọrọ ni pé kí wọ́n yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún wa. A ó fi ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ méjì àti ibi ìpamọ́ tí ohùn ò ti ní sọnù. A ti rí i tẹ́lẹ̀: ẹnì kan gba ohùn ìyá àgbà rẹ̀ sórí fóònù, fóònù bọ́ sómi, ó tán. Ìyá àgbà náà ò sí mọ́ láti tún un sọ. Gbogbo ohun tí a bá gbà, ibi méjì ni a ó tọ́jú rẹ̀ sí, ìdílé tó ni ín á sì ní ẹ̀dà tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, a ó gòkè. A ó kọ́kọ́ lọ sí ààfin láti gba àṣẹ. A ó mú àwọn àgbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì gbé e. Níbi tí wọ́n bá nàka sí, a ó fi fóònù gba ibi tó wà gan-an lórí máàpù, a ó ya fọ́tò ògiri, a ó kọ orúkọ ìdílé àti ẹni tó sọ ọ́. Bí àgbà méjì bá sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a ó kọ méjèèjì, a ò ní dá ẹjọ́. Ẹ̀yin àgbà tí orúnkún ò gbà fún mọ́, ẹ má rò pé a ti yọ yín sílẹ̀. Fídíò ni a ó yà lókè, a ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ wá bá yín níjokòó, ẹ ó máa wò ó, ẹ ó máa sọ fún wa pé, "Ẹ dá a dúró, ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀, igi yẹn, ẹ̀yìn igi yẹn." Mo mọ̀ pé inú fídíò yẹn la ti máa rí èyí tó pọ̀ jù.

Àwọn ẹ̀gbọ́n kan lókè òkun ń sọ lórí gúrúùpù pé ọkọ̀ orí okùn ló yẹ ká bèèrè lọ́wọ́ ìjọba, irú èyí tó ń gbé ènìyàn gòkè. Ìmọ̀ràn tó dáa ni, wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè sí Olúmọ rí. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé bí ọkọ̀ yẹn bá ṣáájú máàpù wa, àlejò á pọ̀ lókè, ẹni tí yóò sì máa ṣàlàyé fún wọn ni ọmọkùnrin tó ń wá owó ọ̀sán. Ohun tó bá wá sí i lẹ́nu ni yóò sọ. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìtàn rẹ̀ ni yóò wà lórí Google, òun náà ni ọmọ yín ní Houston á kà.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ máa ń fi ọ̀dà kọ orúkọ sára àpáta, "Báyìí wà níbí 2019" pẹ̀lú àwòrán ọkàn. Ọ̀dà kì í tètè kúrò lára òkúta akọ. Orúkọ ọmọbìnrin tí wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an ti lọ fẹ́ ẹlòmíràn.

Fún ẹni tó máa bá wa gòkè: ẹ wọ bàtà tó dì mọ́ ilẹ̀, ẹ má wọ sílípáàsì wá. Ẹ gbé omi tó tó, ẹ sì mú ike omi náà sọ̀ kalẹ̀ padà. Ìgbà ọyẹ́ dáa ju ìgbà òjò lọ, torí àpáta tutù a máa yọ̀ bí ilá. A ó gbéra láàárọ̀ kùtùkùtù kí oòrùn tó mú àpáta. Ẹ̀yin tí ẹ bá bí ọmọ sókè òkun, ẹ mú wọn dání, bí wọn ò tilẹ̀ gbọ́ èdè wa dáadáa. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ò nílò ògbufọ̀.

Ọjọ́ gan-an, alága ni yóò kéde rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti gbọ́ láti ààfin. Èyí tí mo fẹ́ lónìí ò gbọdọ̀ dúró de Oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ní Òdòde, ní Aládé, ní Atọ̀sìn, lóko, tàbí lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Èkó, kó fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹ̀ka ọ̀dọ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kó sì sọ àkókò tí ara wọn máa ń yá jù lójúmọ́. A ó wá bá wọn nílé. A ó mú obì dání.